Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Kì Í Ṣe Àṣìṣe

Lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ ikú Bàbá àgbà wa, Àlàájì Síkírù tó jẹ́ àkọ́bí wọn gba máìkì lórí fàràǹdà, ó sì sọ fún gbogbo èrò tó wà lábẹ́ kánópì pé bàbá òun fẹ́ràn nọ́ńbà bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn bisikíìtì. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí arúgbó ṣe ń rí. Bàbá gé ilẹ̀ ẹbí fún wa, wọ́n ṣì í kà. A pín in tán, ọ̀kan ṣẹ́kù. Ẹ bá wa bẹ Ọlọ́run kó forí àṣìṣe wọn jì wọ́n." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣe àmín. Àlùfáà pàápàá rẹ́rìn-ín.

Èmi ò rẹ́rìn-ín, mi ò sì ṣe àmín. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Àlàájì, ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n" nínú ohun tí mò ń kọ yìí. Mi ò lè ṣe é. Mo ń rán aṣọ iléèwé ní Igbó Ẹfọ̀n, àwọn oníbàárà mi sì mọ̀ mí sí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Inú mi kì í tètè ru. Lọ́jọ́ yẹn ó ru, kò sì tíì rọlẹ̀. Ẹ lè sọ pé Bàbá le. Ẹ lè sọ pé wọ́n fẹ́ràn ìjà, pé wọn kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni, èmi náà á sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ létí mi pé Bàbá ṣi nǹkan kà.

Apẹja ni Bàbá, ní abúlé wa lẹ́yìn Addo, níbi tí ilẹ̀ ti parí tí ọ̀sà bẹ̀rẹ̀. Ilé wọn ni mo dàgbà sí. Ìyá mi, Wúlémótù, ń lọ ra ọjà káàkiri, ọ̀dọ̀ Bàbá àti Ìyá àgbà ló sì máa ń fi mí sí. Ìyá àgbà ló ń yan ẹja tí Bàbá bá pa, lórí wáyà tí wọ́n tẹ́ sórí àgbá. Ṣùgbọ́n Bàbá kì í gbà kí wọ́n to ẹja náà bó ṣe wù wọ́n. Tí wọ́n bá ti gúnlẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á pe àwa ọmọ jọ, wọ́n á ní ká to ẹja ní ìlà-ìlà, kí iye tó wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan dọ́gba. Ẹja méjìlá rọrùn: ìlà mẹ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin, tàbí ìlà méjì, mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹja mẹ́tàlá ńkọ́? A ó tò ó, a ó tú u, a ó tún un tò, ọ̀kan á máa yọ sílẹ̀ ṣáá. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, tí kò gbà kí a pín òun ní ọgbọọgba, àfi kó wà lójú ìlà kan gbọọrọ, ni Bàbá ń pè ní olóríkunkun. Nígbà tí mo dé iléèwé girama, tíṣà wa ní práìmù ni wọ́n ń jẹ́. Mo sọ fún Bàbá. Wọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn fún wọn ló bá ìwà wọn mu.

Ìyá àgbà á ti máa pariwo nídìí iná. "Iná ń kú lọ, eṣinṣin ti bo ẹja, ẹ̀ ń fi í ṣeré! Ṣé kò sí òkúta ní gbogbo etí omi yìí tí ẹ lè fi kọ́ wọn ni?"

Bàbá á ní, "Òkúta kì í bàjẹ́. Torí pé ẹja máa bàjẹ́ ni wọ́n ṣe ń tètè ronú."

Mo sọ pé wọ́n le. Mo kórìíra wọn nígbà míì. Tí àlejò bá dé, tí wọ́n sì rí mi pé mo ń yọ́ kọjá, wọ́n á dá mi dúró. "Bílíkísù. Méjì, mẹ́fà, méjìlá, ogún, ọgbọ̀n. Kí ló kàn?" Mo mọ̀ ọ́n. Láti méjì sí mẹ́fà, mẹ́rin ló fi fò; láti mẹ́fà sí méjìlá, ó fi mẹ́fà fò; lẹ́yìn náà mẹ́jọ, lẹ́yìn náà mẹ́wàá. Méjìlá ló kù kó fò. Méjìlélógójì ni. Ṣùgbọ́n ohùn mi kì í jáde níwájú àlejò. Mo sọ ọ́ sínú aṣọ mi.

"Mi ò gbọ́."

Mo tún un sọ.

"Mi ò gbọ́."

Àlejò náà, ọkùnrin kan tó wá ra àwọ̀n, ṣàánú mi. "Bàbá, ọmọ ti sọ ọ́. Èmi gbọ́."

"Ẹ̀yin kọ́ ni mo bi."

Wọn ò jẹ́ kí n jókòó, wọn ò jẹ́ kí n lọ. Ojú mi kún fún omi. Nígbà tó yá mo pariwo rẹ̀ débi pé adìẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà fò dìde. Bàbá kàn mi orí, wọn ò tiẹ̀ yìn mí. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Bí mi ò bá gbọ́, o ò tíì dáhùn nìyẹn."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo mọ̀ pé Bàbá ṣi nọ́ńbà, mo sì máa sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mò ń bò ó mọ́lẹ̀. Ayálégbé kan wà lẹ́yìnkùlé wa, Ọ̀gá Láyí, ará Ìkìrun, tó ń lẹ táìlì fún àwọn tó ń kọ́lé lójú títì Ẹ̀pẹ́. Òun àti Bàbá jọ máa ń to nọ́ńbà nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan Bàbá ní olóríkunkun ni mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ọ̀gá Láyí ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ṣé ẹ ti tò ó wò, Bàbá?"

"Kí ni mo fẹ́ tò? Wò ó bó ṣe rí. Ojú ẹ̀ ti fi hàn."

"Ojú ẹ̀ ò fi nǹkan kan hàn, Bàbá. Ẹ kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni."

Ó di ìjà. Bàbá ò dá a lóhùn mọ́ tó bá kí wọn. Tó bá ní "Ẹ káàárọ̀, Bàbá," wọ́n á máa wo ọ̀sà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Ọ̀gá Láyí tó kó táìlì tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ wálé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́ sí fàràǹdà Bàbá láìgbàṣẹ. Ìlà méje. Mẹ́tàlá lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó parí, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi kà á." Bàbá fi ọ̀pá kà á láti ọwọ́ òsì, wọ́n kà á láti ọwọ́ ọ̀tún. Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún géérégé, láìṣẹ́kù. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá fi ọ̀pá kan ọ̀kan nínú táìlì náà, wọ́n ní, "Èyí ò gún." Ọ̀gá Láyí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì, Bàbá kó kóró àgbálùmọ̀ jọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to gbogbo nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀, àní àwọn tí ọmọdé pàápàá mọ̀. Wọn ò tún fi ojú lásán dá nọ́ńbà kankan mọ̀ mọ́. Àlejò tó bá sì tẹ fàràǹdà yẹn, wọ́n á fi hàn án fúnra wọn. "Ibi tí mo ti ṣì í nìyí. Máa tẹ̀ ẹ́ lọ." Táìlì náà ṣì wà níbẹ̀. Orí rẹ̀ ni Àlàájì dúró sí nígbà tó ń pe Bàbá ní aláṣìṣe.

Àlàájì ò fìgbà kan ní sùúrù fún wọn. Nígbà tí Bàbá ra fóònù, tí wọ́n fi wọ́n sínú gúrúùpù ẹbí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ránṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní: "Méjì pẹ̀lú mẹ́ta, mẹ́wàá. Mẹ́ta pẹ̀lú mẹ́rin, mọ́kànlélógún. Mẹ́rin pẹ̀lú márùn-ún, kí ni?" Àlàájì ló kọ́kọ́ dáhùn: "Bàbá, ẹ lọ sùn. Méjì pẹ̀lú mẹ́ta, márùn-ún ni. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mọ̀ bẹ́ẹ̀." Àwọn míì fi àwòrán ẹ̀rín sí i. Mo rí i nídìí máṣíìnì mi, mo sì ronú díẹ̀. Èèyàn á ro méjèèjì pọ̀, á wá fi ti àkọ́kọ́ sọ ọ́ di púpọ̀. Méjì àti mẹ́ta jẹ́ márùn-ún. Márùn-ún lọ́nà méjì, mẹ́wàá. Mẹ́rin àti márùn-ún jẹ́ mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́rin, mẹ́rìndínlógójì. Mo fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí Bàbá nìkan. Mi ò fi sínú gúrúùpù, níbi tí wọ́n ti ń fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Bàbá ò bínú. Ohùn wọn tó jáde lẹ́yìn náà rọra ni. "Kì í ṣe irọ́, Síkírù. Òfin kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí o ò tíì rí ni."

Ohun kan wà tí Bàbá kì í kà. Ní abúlé wa, àwọn àgbà kì í ka ọmọ. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá ka ọmọ ń fi wọ́n han ikú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi ìyẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá ò fi í sílẹ̀. Àwọn obìnrin méjì tó ń fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ láti ilé dé ilé wá sọ́dọ̀ wa nígbà kan. Èyí tó mú gègé lọ́wọ́ kúnlẹ̀ dáadáa.

"Bàbá, ọmọ mélòó lẹ bí, sà?"

"Wọ́n pọ̀."

"Bíi mélòó, sà?"

"Wọ́n pọ̀ díẹ̀."

"Bàbá, 'wọ́n pọ̀ díẹ̀' kì í ṣe nọ́ńbà. Ibi tí mo fẹ́ kọ ọ́ sí ò gba ọ̀rọ̀."

Ìyá àgbà ké láti ilé ìdáná: "Ẹ má dá ara yín láàmú! Ọkọ mi mọ iye ìrẹ̀ tó ń ké lẹ́yìnkùlé. Ọmọ tó bí nìkan ni ò mọ̀."

Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. "Ẹja ni mò ń kà," wọ́n ní. "Èmi kì í ka èèyàn."

Nígbà tí ìyá mi kú, ó wá le sí i. Àìsàn tó ṣe é ò pẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, Bàbá ò pe orúkọ rẹ̀ létí mi mọ́ títí àwọn náà fi kú. Bí mo bá ní "Ìyá mi máa ń ṣe é báyìí," wọ́n á dìde. Mo gbà á sí pé wọ́n ti gbàgbé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbà á bẹ́ẹ̀, inú sì ń bí mi sí wọn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ikú ìyá mi ni àwọn tó ń ra ilẹ̀ dé abúlé wa. Wọ́n ti ra gbogbo ẹ̀bá títì tán. Àwọn ọmọ Bàbá ní kí wọ́n pín ilẹ̀ ẹbí kí àjòjì tó fi èrú gbà á. Bàbá gbà. Ìjà wá bẹ̀rẹ̀ lórí bí a ó ṣe pín in. Ìyàwó mẹ́ta ni Bàbá fẹ́. Àwọn kan ní kí wọ́n pín in ní ìdí igi, kí ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan. Àwọn kan ní orí-ò-jorí, kí gbogbo ọmọ gba iye kan náà. Àlàájì ní ọkùnrin nìkan ló ni ilẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Mùtíù, àbúrò rẹ̀, ní kí wọ́n tẹ̀ lé ẹ̀sìn, kí ọkùnrin gba méjì níbi tí obìnrin bá ti gba ọ̀kan. Wọ́n jókòó sórí fàràǹdà yẹn, wọ́n ń bú ara wọn. Bàbá jókòó sáàárín wọn, wọ́n ń yí kóró àgbálùmọ̀ lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kan, èmi náà wà níbẹ̀, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àlàájì wò mí, ó ní, "Èyí ńkọ́? Wúlé ti kú. Òkú ò lè gba ilẹ̀." Kò sẹ́ni tó bá a wí. Bàbá náà ò bá a wí.

Nígbà tí ọ̀gá tó ń wọn ilẹ̀ dé, Bàbá tẹ̀ lé e wọ inú igbó. Mo gbé omi mímu tẹ̀ lé wọn, nítorí náà mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Bàbá ní kó gé ilẹ̀ náà sí púlọ́ọ̀tì mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kí ti ìgbẹ̀yìn sì jẹ́ èbúté: ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, tí àwọn obìnrin ti ń ra ẹja, tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń wẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe é ní ọgbọ̀n," ọkùnrin náà sọ. "Ọgbọ̀n máa rọrùn fún yín láti pín."

"Ìdí tí mi ò fi fẹ́ ẹ nìyẹn."

Orí-ò-jorí ni Bàbá padà fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n wọn ò sọ iye orí. Wọ́n kàn ń tọ́ka sí èèyàn, wọ́n ń sọ ibi tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, mẹ́ta-mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n tọ́ka sí àwọn tó jókòó tán, wọ́n nawọ́ sí mi. "Ti Bílíkísù nìyí." Mẹ́ta. Èyí tó kù ni èbúté. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," wọ́n ní, wọ́n sì wọlé.

Láti ọjọ́ yẹn ni Àlàájì ti ń sọ ọ́ bó ṣe wù ú. Ó ní ọmọ mẹ́sàn-án tó wà láàyè ló ni ilẹ̀, pé mẹ́ta-mẹ́ta jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, pé Bàbá ṣi ìyókù kà, mẹ́rin wá ṣẹ́kù, wọ́n fi mẹ́ta nínú rẹ̀ ṣàánú ọmọ òrukàn, ọ̀kan tó kẹ́yìn ò wá rí ẹni gbà á. Kò sọ ọ́ ní gbangba pé mẹ́sàn-án, ó máa ń na ìka sókè ni. Púlọ́ọ̀tì àánú ni wọ́n ń pe tèmi nínú ẹbí títí di òní. Mo kọ́ yàrá méjì sórí rẹ̀, mo gba ayálégbé sí i, mo sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ wọn: "Ilé Àǹtí Bílíkísù, ti orí àánú yẹn."

Èmi náà gbà gbọ́ pé àánú ni. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, bí ìbínú ṣe gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù, mi ò lè ṣiṣẹ́. Mo da bọ́tìnnì sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, mo yọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú rẹ̀. Mo fẹ́ rí ohun tí wọ́n ń pè ní àṣìṣe yẹn lójú. Mo kọ́kọ́ pín in ní ìdí igi, fún ìyàwó mẹ́ta: mẹ́wàá-mẹ́wàá, ọ̀kan ṣẹ́kù. Mo pín in fún ọkùnrin nìkan, bí Àlàájì ṣe fẹ́. Márùn-ún ni wọ́n: mẹ́fà-mẹ́fà, ọ̀kan ṣẹ́kù. Obìnrin márùn-ún ni Bàbá bí pẹ̀lú, tí a bá ka ìyá mi. Mo pín in fún gbogbo wọn, ọmọ mẹ́wàá: mẹ́ta-mẹ́ta, ọ̀kan ṣẹ́kù. Mo pín in bí Bọ̀ọ̀dá Mùtíù ṣe fẹ́, ọkùnrin mẹ́rin-mẹ́rin, obìnrin méjì-méjì: ogún, àti mẹ́wàá, ọ̀kan ṣẹ́kù. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n fi jà lórí fàràǹdà yẹn. Ẹni yòówù kó borí, èbúté ò ní kan ẹnikẹ́ni. Bàbá ti jókòó sáàárín ariwo wọn, wọ́n ti wá olóríkunkun tí gbogbo wọn ò ní lè pín.

Ìbínú mi wá di méjì. Mo bínú sí àwọn tó pè é ní àṣìṣe. Mo bínú sí Bàbá pẹ̀lú. Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́, Bàbá? Ẹ mú wa pariwo ìdáhùn níwájú àlejò, èyí tó ṣe pàtàkì jù lẹ gbé mì. Torí pé ẹ ò fẹ́ ka èèyàn, ẹ fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì.

Kò pẹ́ tí Àlàájì fi ránṣẹ́ pè wá sí pálọ̀ rẹ̀ ní ọ̀nà Addo. Lọ́yà wà níbẹ̀, ó ń ṣojú àwọn tó ń kọ́ ẹ́sítéètì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wọ́n fẹ́ ra èbúté, wọ́n máa da yanrìn dí i, wọ́n máa kọ́lé síbẹ̀. Gbogbo ọmọ Bàbá ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí èmi sì fọwọ́ sí i ní ipò ìyá mi. Nígbà tí mo dé, èmi àti Àǹtí Ràfá, àbúrò Àlàájì, ló kù tí kò tíì fọwọ́ sí i. Wọ́n ti gbé ìrẹsì kalẹ̀.

"Bílíkísù, tètè fọwọ́ sí i, jàre, kóúnjẹ má tutù," Àlàájì sọ. "Àṣìṣe Bàbá la fẹ́ tún ṣe."

"Bàbá ò ṣe àṣìṣe," mo sọ.

Ó fi ọwọ́ sétí. "Mi ò gbọ́."

Bóyá kò gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohùn Bàbá ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo dìde dúró.

"Mo ní Bàbá ò ṣe àṣìṣe!"

Bọ̀ọ̀dá Mùtíù sọ ṣíbí sílẹ̀. "Àbí Bílíkísù kọ́ nìyí? Ta ló fún un ní máìkì?"

Mi ò dá a lóhùn. Mo na ìka sí Àlàájì. "Ẹ̀yin ni ọ̀kan." Mo na ìka sí Àǹtí Ràfá. "Méjì. Bọ̀ọ̀dá Mùtíù, mẹ́ta."

"Yéè!" Àǹtí Ràfá fi ìborùn bo orí. "Bílíkísù, má kà wá! Ta ló kọ́ ẹ pé kí o máa ka ọmọ ọlọ́mọ?"

"Dákẹ́ ẹnu ẹ!" ni àwọn míì ń pariwo. Mo kà wọ́n lọ. Mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan yí pálọ̀ náà ká, ẹni tí mo bá nawọ́ sí á fà sẹ́yìn lórí àga bí ẹni pé mo ju nǹkan lù ú. Mo dé mẹ́sàn-án, àwọn tó wà nínú pálọ̀ tán.

"O ti kà wá tán," Àlàájì sọ. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. "Mẹ́sàn-án. Ohun tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ yìí náà nìyẹn. Ṣé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn?"

"Kò tíì tán. Wúlémótù, mẹ́wàá."

Mo wá sọ ọ́ fún wọn ní ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí mo ṣe tò ó sórí tábìlì mi, ọ̀kan tó ń ṣẹ́kù nígbà gbogbo, láì rẹ ohùn mi sílẹ̀. "Ẹ yọ ìyá mi kúrò níbẹ̀ kí ẹ wò ó," mo ní. "Ẹ fi mẹ́sàn-án pín in: mẹ́rin ló máa ṣẹ́kù. Ẹ tẹ̀ lé ti ẹ̀sìn láìka ìyá mi: mẹ́ta á ṣẹ́kù. Ìgbà tí ẹ bá kà á mọ́ yín nìkan ni nọ́ńbà Bàbá tó dúró. A ti sin ín kí wọ́n tó gé ilẹ̀ yìí, Àlàájì. Ẹ̀yin lẹ ní òkú ò lè gba ilẹ̀. Bàbá gbọ́ yín, wọn ò fèsì, wọ́n lọ kà á mọ́ yín. Wọn ò ṣàánú mi. Ti ìyá mi ni wọ́n fún mi."

Àǹtí Ràfá ṣí ìborùn kúrò lórí. Òun àti ìyá mi ni wọ́n jọ ń lọ pọn omi nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. "Bàbá ka Wúlé?" wọ́n bi mí, bí ẹni tí oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lójú rẹ̀.

"Wọ́n kà á, Àǹtí."

Àǹtí Ràfá ti gègé padà sọ́dọ̀ lọ́yà. "Èmi ò fọwọ́ sí nǹkan kan."

"Èmi náà ò fọwọ́ sí i," mo ní.

Lọ́yà wo Àlàájì, ó wo ìrẹsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé rẹ̀. Ó ní bí ẹyọ ẹnì kan bá kọ̀, àwọn tó rán òun ò ní rà á. Àlàájì ò wo ojú mi. "O ti ka àwọn ọmọ Bàbá," ó ní. "Ohunkóhun tó bá ṣe ẹnikẹ́ni nínú wa láti òní lọ, ọwọ́ ẹ la ó ti béèrè rẹ̀." Kí n tó délé, ó ti yọ mí kúrò nínú gúrúùpù ẹbí. Mo gbọ́ pé Bọ̀ọ̀dá Mùtíù ní orí ń fọ́ òun láti ọjọ́ náà. Kó lo oògùn.

Mi ò lọ sílé tààrà lọ́jọ́ yẹn. Mo gba ẹ̀yìn Addo lọ sí èbúté. Ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn ń dún lápá ibi tí ẹ́sítéètì ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì ré ààlà wa kọjá. Mo jókòó sórí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Inú ṣì ń bí mi, mo sì mọ̀ pé yóò pẹ́ lára mi. Àwọn ọmọ abúlé wà nínú omi, wọ́n ń bẹ́ láti orí ọkọ̀, wọ́n ń rì, wọ́n ń yọjú padà níbi tí èèyàn ò retí.

Mi ò kà wọ́n.